Orí Ìròyìn Tí Kò Ní Ara

    Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò le. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan wà tí ẹ̀rín yóò ti kú mọ́ wa lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ àkọlé ìwé ìròyìn ni, pàápàá àwọn ti àtijọ́, àti ohun tí ojú inú wa máa ń rí nígbà tí a bá kà wọ́n.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, orí ni wọ́n fi ń pe àkọlé ìròyìn, orúkọ náà sì bá a mu gan-an. Àkọlé ni orí. Ìròyìn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ara. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ènìyàn dáadáa yóò wo orí, yóò sì wo ara pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní ti ìwé ìròyìn, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń bá orí pàdé lójoojúmọ́ tí a kì í fojú kan ara rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí àwọn tí mo ń wí, ẹ jẹ́ kí á lọ sí Boundary ní òwúrọ̀, níbi tí Àpápá ti parí tí Ajégúnlẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Oníwèé ìròyìn ti tẹ́ ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó ti fi òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ènìyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti yí i ká. Nínú wọn, bóyá ẹni méjì ni yóò mú owó jáde. Àwọn yòókù, ẹgbẹ́ a-kà-má-rà ni wọ́n. Wọn kò jẹ́ ṣí ìwé náà, nítorí ẹni tí ó bá ṣí i ti rà á nìyẹn. Nítorí náà, ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń kà: orí, orí, orí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n yóò wá máa fi ẹnu ara wọn mọ ara fún orí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan yóò ní òun gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tí ó wà níbẹ̀. Òmíràn yóò ní ohun tí wọ́n kọ kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Kí oòrùn tó ga, ara tí wọ́n mọ fún àkọlé náà ti ní ọwọ́, ó ti ní ẹsẹ̀, ó sì ti wọ ọkọ̀ lọ sí Mile 2.

Ẹgbẹ́ kejì ni àwa tí a ń ra àkàrà. Ìyá alákàrà kì í bèèrè ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé ìròyìn kí ó tó fi di ọjà. Ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn àti ti àná, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀; ó ń ya wọ́n sí wẹ́wẹ́ ni. Ibi tí ó bá sì ti ya, ibẹ̀ ni ìròyìn parí sí. Ká ní ẹ jẹ àkàrà yín tán, tí ẹ wá rí i lórí ìwé tí epo ti rin gbindin pé, GOMINA YOO FE. Kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, apá tí ó kù sì ti bá oníbàárà mìíràn lọ. Ṣé ọ̀nà ni gómìnà yóò fẹ̀ ni, tàbí ìyàwó ni yóò fẹ́? Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà, ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí títì kò ní sùn. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó, ẹni tí kò ní sùn yàtọ̀.

Kí á tó máa rẹ́rìn-ín lọ, ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń mọ orí wọ̀nyí, nítorí èmi olùkọ́ ni, n kò lè ṣe é kí n má kọ́ ẹnìkan ní nǹkan. Ẹ má rò pé akọ̀ròyìn tí ó lọ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ló máa ń fún ìròyìn rẹ̀ ní orí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹlòmíràn ni, ẹni tí ó jókòó sí ilé iṣẹ́, tí kò kúrò nídìí tábìlì. A fún un ní àyè tóóró kan, a sì ní kí ó lo lẹ́tà ńlá, kí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ tí ń sáré lè rí i kà. Àyè kékeré, lẹ́tà ńlá: ọ̀rọ̀ ní láti dín. Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni yóò kọ́kọ́ yọ dànù? "Wọ́n ní" yóò lọ. "A gbọ́ pé" yóò lọ. "Bóyá" yóò lọ. "Gẹ́gẹ́ bí ẹnìkan ṣe sọ" gùn jù, ìyẹn ni yóò tilẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí sì ni òtítọ́ fi ń tilẹ̀ rìn. Bí a bá gba ọ̀pá lọ́wọ́ arúgbó, tí a wá ní kí ó sáré, ibi tí ó bá ṣubú sí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ohun kejì ni àkókò. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1948, wọ́n dìbò yan Ààrẹ ní Amẹ́ríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní ìlú Chicago wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, nítorí náà, Chicago Daily Tribune ní láti wọ ẹ̀rọ ṣáájú àkókò tí ó yẹ. Wọn kò lè dúró kí wọ́n ka ìbò tán. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà-gadagba sí iwájú ìwé pé Dewey ti ṣẹ́gun Truman. Ilẹ̀ mọ́, Truman ló wọlé. Fọ́tò tí wọ́n yà fún un, níbi tí ó ti gbé ìwé náà sókè tí eyín rẹ̀ sì funfun níta, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ewúrẹ́ ni kí á kọ́kọ́ mú.

Ìwé ìròyìn Vanguard bẹ̀rẹ̀ ní 1984, Àpápá ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, ní ẹ̀gbẹ́ omi Kirikiri. Ní January 23, 2009, ó gbé e jáde pé ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Kwara ti fi ewúrẹ́ kan hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a fura sí pé ó jalè. Ẹ gbọ́ ara ìròyìn náà, kí ẹ má baà dà bí ẹgbẹ́ a-kà-má-rà. Àwọn ọdẹ àdúgbò ló sọ pé àwọn lé ọkùnrin méjì tí ó fẹ́ jí ọkọ̀ Mazda gbé. Ọ̀kan sá lọ. Èkejì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé, fara ti ògiri, ó sì di ewúrẹ́. Wọ́n mú ewúrẹ́ náà, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Agbẹnusọ ọlọ́pàá kò sọ pé òun gbà á gbọ́. Ó ní ewúrẹ́ wà lọ́dọ̀ àwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ awo kì í ṣe ohun tí àwọn lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ta ni yóò ka ibẹ̀ dé? Orí ìròyìn ti yọ lọ́rùn, àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn òkèèrè ti gbé e, ó ti dé London.

Nísinsìnyí, ẹ fi ojú inú wo Ajégúnlẹ̀, níbi tí ewúrẹ́ ti ń rìn láàárín ọjà bí ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Bí a bá gba àkọlé yẹn gbọ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, kò ní sí ewúrẹ́ tí yóò lè sùn sábẹ́ ọkọ̀ mọ́ ní ọgbà mẹkáníìkì. Bí ó bá yọ orí jáde lábẹ́ mọ́tò, wọn yóò ní kí ó na ọwọ́ iwájú méjèèjì sókè. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra àgbò fún Iléyá yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ ní ìyàwó nílé?" kí ó má baà jẹ́ pé baálé ilé kan ni yóò fi se ọbẹ̀. Wọn yóò gbé ewúrẹ́ dé ilé ẹjọ́, adájọ́ yóò bi í bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ewúrẹ́ yóò ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀." Ògbufọ̀ yóò ní, "Olúwa mi, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀." Agbẹjọ́rò ìjọba yóò ní irọ́ ni, òun gbọ́ èdè náà láti kékeré, ohun tí ó sọ ni pé Mazda náà kò tilẹ̀ ní epo nínú. Bí wọ́n bá fún un ní béèlì, ta ni yóò dúró fún un? Bí wọ́n bá sì dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n Kirikiri ni wọn yóò gbé e lọ, kò sì ní jìnnà sí ilé tí wọ́n ti tẹ àkọlé rẹ̀. Ó lè rán ẹ̀ṣọ́ pé kí wọ́n bá òun ra ìwé kan wá.

Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ẹ̀rín yìí, láti inú ọ̀rọ̀ "wọ́n ní" tí kò ráyè dúró ni ó ti wá.

Ejò náà kò gbẹ́yìn. Ní February 2018, ìròyìn jáde pé nígbà tí àwọn olùṣirò owó àjọ JAMB dé Makurdi láti bèèrè owó káàdì tí wọ́n tà, akọ̀wé kan ṣàlàyé fún wọn pé ejò ló gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì. Ó yẹ kí á ṣe ìṣirò èyí, nítorí àwọn tí ó ń kígbe nípa rẹ̀ kò ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé 1,000 náírà ni gbogbo owó náà, ìwé owó 36,000 nìyẹn. Nínú ìdì kan, 100 ló máa ń wà. Ìdì 360 nìyẹn. Ejò tí yóò gbé ìdì owó 360 mì, tí yóò tún rí ihò bá jáde, a kò gbọdọ̀ fi ọlọ́pàá lé e, kí á fi jẹ olùtọ́jú àpò ìjọba ni ó tọ́. Bí ó bá sì jẹ́ 500 náírà ni owó náà, ìdì 720 ni, ejò náà ìbá ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Mo fojú inú wo báńkì kan ní Creek Road tí ó gba ìkìlọ̀ yìí gbọ́: ẹni tí ó bá fẹ́ gba iṣẹ́ akówó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí méjì wá, ọ̀kan láti yunifásítì, èkejì láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó mọ ọfọ̀ ejò. Ní 2019, wọ́n tún ní ìnàkí kan ní ọgbà ẹranko Kánò gbé mílíọ̀nù 6.8 náírà mì. N kò ní bá ti ìyẹn jìnnà. Lẹ́yìn ejò, ìnàkí ti kéré.

Ti ọdún 1972 kò ní pẹ́ wa. Kí ó tó di April 2 ọdún náà, apá òsì ni a ń wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa, nígbà tí àwọn aládùúgbò wa ní Dahomey àti Togo ń wà á ní apá ọ̀tún. Ọjọ́ Àìkú kan ni a yí i padà. Àkọlé bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní ọkọ̀ ni ó dà bí ẹni pé ó kàn. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìyá kan ti ń ta ẹja dídín ní ẹ̀gbẹ́ títì kan láti ọdún méje, níbi tí àwọn ará wáàfù ti ń sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó sùn, ó jí, ẹgbẹ́ kejì títì ni ọkọ̀ ń já èrò sí. Ẹja kò yí padà, iná kò yí padà, oníbàárà ló lọ sí òdìkejì. Àgbàlagbà kan sì lè fi ọwọ́ lẹ́rán kí ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní gbẹ̀yìn síbòmíràn, nítorí kò sí ilé rere tí a ti ń fi òsì ṣe nǹkan.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àkọlé kan wà tí ó jọ irọ́, tí ó jọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti ejò, tí ó sì jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn, ojú omi Àpápá ló ti ṣẹlẹ̀.

Ní 1975, owó epo rọ̀bì ti dé, ìjọba ológun sì fẹ́ kọ́ bárékè, ọ̀nà àti ilé káàkiri. Wọ́n ránṣẹ́ ra sìmẹ́ńtì ní òkè òkun. Gbogbo ohun tí wọ́n rà jẹ́ nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Mílíọ̀nù 16 nínú rẹ̀, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò nìkan ló ni í. Ó dára. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì tí èbúté Èkó lè já lọ́dún kan nígbà náà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ bá mi pín in. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ ọkọ̀ sìmẹ́ńtì nìkan ló ń wọlé, tí a kò sì já ọkà, tí a kò já ẹja, ọdún 20 ni.

Àwọn ọkọ̀ náà kò ṣe ìṣirò yìí kí wọ́n tó bọ̀. Wọ́n ń bọ̀ ni. Kí ọdún náà tó parí, ọkọ̀ ojú omi tí ó lé ní 400 ló tò sẹ́nu omi Èkó tí wọ́n ń dúró, èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ sì ru sìmẹ́ńtì. Ìwé àdéhùn sì sọ pé ọkọ̀ tí a bá dá dúró, a óò san owó ìdúró fún un lójoojúmọ́, èyí tí àwọn ará wáàfù ń pè ní dẹ̀mọ́réèjì. Ó tó nǹkan bíi 4,000 dọ́là fún ọkọ̀ kan lójúmọ́ kan. Nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ òkèèrè gbọ́ pé ìlú kan wà tí ó ń sanwó fún ọkọ̀ nítorí pé ó jókòó, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ti gbó, tí kò yẹ kí ó tún rìnrìn àjò mọ́, wọ́n kó sìmẹ́ńtì sí i, wọ́n ní kí ó lọ kí àwọn ará Èkó. Sìmẹ́ńtì sì rèé, kì í fẹ́ràn omi. Afẹ́fẹ́ òkun nìkan tó láti sọ ọ́ di òkúta nínú àpò. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹrù náà ṣe dì sínú ọkọ̀.

Wọn kò tíì bí mi nígbà náà, àwọn àgbà ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n mo lè fojú inú wo ẹgbẹ́ a-kà-má-rà ti ọdún yẹn. Ẹnìkan yóò ní a lè ti Àpápá rìn lórí ọkọ̀ títí dé Kutọnú láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ wa tutù. Òmíràn yóò ní bí wọ́n bá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ rì, Olókun yóò kọ́ ilé alájà mẹ́fà, yóò sì wá onílé kan ní Ajégúnlẹ̀ bẹ̀ kí ó wá bá òun gba owó àsansílẹ̀. Ọkùnrin kan yóò sì dákẹ́ láàárín wọn, ẹni tí ilé rẹ̀ dúró sí ìpele fèrèsé láti ọdún tí ó kọjá, tí ó ń wá àpò sìmẹ́ńtì 20 péré, tí ó sì ń wo ọkọ̀ 400 lókèèrè.

Ìjọba Gowon lọ ní July 29, 1975. Ìjọba tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ gbìyànjú láti dá ọkọ̀ dúró kí wọ́n má bọ̀ mọ́, ó sì dá owó sísan dúró fún púpọ̀ nínú wọn. Àwọn oníṣòwò gbé Báńkì Àpapọ̀ wa lọ sí kóòtù. Ọ̀kan nínú ẹjọ́ wọ̀nyí, ti ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Trendtex, parí sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní London ní 1977, níbi tí adájọ́ ti sọ pé báńkì náà kò lè fara pamọ́ sẹ́yìn agbádá ìjọba kí ó má jẹ́jọ́. Títí di òní, àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní ilẹ̀ púpọ̀ ń ka ẹjọ́ yẹn. Sìmẹ́ńtì tí kò kọ́ bárékè kọ́ lọ́yà. Ohun rere tí ó ti inú rẹ̀ jáde fún wa ni èbúté Tin Can Island, tí wọ́n yára kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Àpápá, tí wọ́n sì ṣí ní October 1977.

Bí èyí tí ó jọ irọ́ ṣe lè jẹ́ òótọ́, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó jọ òótọ́ ṣe lè jẹ́ irọ́. Ní November 1989, ìwé ìròyìn gbé e jáde pé Dókítà Nnamdi Azikiwe ti kú. Kò sí ohun tí ó jọ irọ́ nínú rẹ̀. Baba náà ti dàgbà, ó ń sún mọ́ ẹni ọdún 85. Ìbànújẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìwé ń kún fún ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Baba jókòó sílé rẹ̀ ní Nsukka, ó ń mí. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé oníwèé ìròyìn ni Zik fúnra rẹ̀. Òun ló dá West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó ní 1937. Ẹni tí ó ti mọ orí ìròyìn fún gbogbo ayé, wọ́n wá mọ ọ̀kan fún un, ó sì kà á. Bóyá ó tilẹ̀ mú bírò pupa, ó ń tún gírámà inú rẹ̀ ṣe. Ní Ajégúnlẹ̀ ńkọ́, níbi tí ọmọ Ìgbò, Yorùbá, Ìjọ̀, Urhobo àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ti ń gbé ojú kan? Mo rí télọ̀ kan tí ó ti gé aṣọ òkú fún ẹgbẹ́ ìlú kan, tí wọ́n wá sọ fún un pé baba kò kú. Ṣé yóò dá owó padà? Ó lè ní kí wọ́n má bínú, aṣọ kì í bàjẹ́, kí wọ́n gbé e sínú àpótí. Inú àpótí ni yóò wà fún ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀, nítorí May 11, 1996 ni Zik tó kú ní tòótọ́.

Ibi tí mo ní ẹ̀rín yóò ti kú nìyí.

Ìwé ìròyìn ThisDay náà, Àpápá ni ilé rẹ̀, ní Creek Road. Ní November 16, 2002, nígbà tí wọ́n ń múra ìdíje arẹwà àgbáyé ní Nàìjíríà, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ nípa Ànábì Muhammad. Ẹ̀fẹ̀ ni ẹni tí ó kọ ọ́ pè é. Àwọn Mùsùlùmí kà á sí ìwọ̀sí. Ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì lórí ìwé, léraléra, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ẹyin lohùn. Wọ́n sun ọ́fíìsì wọn ní Kaduna, ìjà sì bẹ́ láàárín ìlú náà, Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì. Ènìyàn tí ó lé ní 200 ló kú. Wọ́n kó ìdíje náà lọ sí London. Gbólóhùn yẹn kì í ṣe àkọlé rárá, àárín ara ìròyìn ni ó wà, ṣùgbọ́n bí ó ti ń ti ẹnu dé ẹnu ni ó ń di orí, tí àwọn tí kò rí ìwé náà sójú rí ń mọ ara fún un. Nínú àwọn tí ó kú, n kò rò pé ẹni mẹ́wàá ti ka ojú ewé náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn àti àwọn ará wa ní Boundary kò tó nǹkan: àwọn ará Boundary ń mọ ara ewúrẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí á mí díẹ̀.

Ó ku àkọlé kan tí ó pẹ́ ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, tí ó sì kúrú jù lọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni: Ajé gúnlẹ̀. Ẹni tí ó sọ àdúgbò náà ní orúkọ yìí, bí ó bá wà láyé, ìbá rí iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé èyíkéyìí. Ó sọ ohun tí ó dé, ó sì sọ pé ó dé, kò fi "bóyá" kankan sí i. Ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí gan-an ni kò ráyè kọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí ibùdókọ̀ ńlá mẹ́rin àkọ́kọ́ sí wáàfù Àpápá ní 1926, ọwọ́ ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Àwọn tí ń fi èjìká gbé ẹrù inú rẹ̀ ló ń sùn ní Ajégúnlẹ̀. Ajé ń gúnlẹ̀ sí Àpápá, orúkọ rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí òdìkejì Boundary. Ara àkọlé yẹn ni wọ́n ṣì ń retí.

Àpápá tí ajé gúnlẹ̀ sí náà kò sì sùn. Ẹ rántí àwọn ọdún tí tírélà àti táńkà tò láti wáàfù dé orí afárá, tí awakọ̀ ń wẹ̀, tí ó ń sè, tí ó ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó wọ èbúté, tí àwọn onílé ní Àpápá ń kó jáde, tí ṣọ́ọ̀bù ń tì. Ní April 2019, àkọlé jáde pé Ààrẹ ti pàṣẹ: kí gbogbo tírélà kúrò lójú ọ̀nà láàárín wákàtí 72, kí ètò sì padà sí Àpápá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wákàtí 72 jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Nínú ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tírélà náà kì í sún ju ìwọ̀n ilé bíi mélòó kan lọ. Mo rí awakọ̀ kan ní ojú inú tí ó gbọ́ àṣẹ yìí, tí ó dìde, tí ó nu ojú, tí ó wo tírélà iwájú, tí ó wo tírélà ẹ̀yìn, tí ó sì tún padà lọ sùn. Ní February 2021, àwọn aláṣẹ èbúté tún gbé ọ̀nà tuntun dé, tí tírélà kò ní wọ Àpápá bí kò ṣe pé wọ́n bá pè é lórí ẹ̀rọ. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n fún un? Ètò ni, ní èdè Yorùbá gangan. Inú mi dùn sí i gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i. Ìrọ̀rùn dé fún àwọn ọ̀nà kan, àwọn mìíràn ṣì ń sinmi.

Ohun tí ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Ìwé ìròyìn méjì nínú àwọn tí ń kọ nípa sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ yẹn, àárín rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ tí ó kó ìwé jáde láti Creek Road lóru, tí ó kún fún àkọlé tuntun pé ọ̀nà Àpápá ti là. Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀, láàárín táńkà epo méjì. Àwọn awakọ̀ jí, wọ́n rí ìwé lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n yí i ká, wọ́n ń ka ojú ewé àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò rà.

Agogo ilé iṣẹ́ wa ti ń wò mí lójú.